Ìkúnlẹ̀ Màámi

Dókítà ti sọ ọ́ lójú mi: egungun màámi ti fẹ́lẹ́, bí wọ́n bá lè ṣubú báyìí, wọn ò ní rìn mọ́. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ìlóṣòó, kò gbọdọ̀ sí ìkúnlẹ̀. Èmi náà nìyí, bí mo bá ti gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti pe wẹ́dà ará Ìlọrin kan wá sílé wa ní Gagi, ní Sokoto níbí, ó kan irin mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kúrò nílẹ̀. Mo ju sílípáàsì wọn tó ń yọ̀ nù. Àwọn tó ń bá mi ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sama Road ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń gbé màmá mi bí ẹni gbé ẹyin. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ti ìrun ni mo rò pé yóò le, torí màámi kì í fi ìforíkanlẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí àfáà àdúgbò bá wọn sọ ọ́ pé Ọlọ́run kò ni aláìsàn lára, wọ́n gbà, wọ́n ń jókòó sórí àga kírun wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mi dùn. N kò mọ̀ pé ẹnì kan wà tí wọn ò ní jókòó kí.

Àbúrò bàbá mi ni. Ó ń lẹ táyà nítòsí Kofar Marke, òun ló kọ́kọ́ dé Sokoto nínú gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n gbé màámi wọlé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìrákòrò ni. Màámi ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni, ó tán. Títí bàbá mi fi kú, tí mo sì kó màámi wá sọ́dọ̀ mi, wọn ò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọkọ mi" ni.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun tán, á wá kí wọn, á ra bàrà olómi tí àwọn Hausa ń pè ní kankana dání, torí omi inú rẹ̀ máa ń tù wọ́n lára nínú ooru. Bí wọ́n bá ti gbọ́ sàlámù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á di àga mú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Òun náà á sáré wọlé, á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kúnlẹ̀ mọ́. Wọn ò ní gbọ́. Mo bá wọn jà. Mo ní Ọlọ́run Ọba pàápàá gbà kí ẹ jókòó, kí wá ni ti ẹni tó ń lẹ táyà? Màámi wò mí bí ẹni tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ nílé.

"Ọlọ́run mọ inú mi," wọ́n ní. "Bàbá rẹ ńkọ́? Tí mo bá dé ọ̀hún, ṣé kí n sọ fún un pé mo jókòó kí àbúrò rẹ̀ bí ẹgbẹ́ mi?"



Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ilé ìdáná ni mo wà. Mo gbọ́ sàlámù, mo gbọ́ "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," mo wá gbọ́ ìró kan tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti wà nílẹ̀. Àbúrò bàbá mi gbé orí wọn lé itan, kankana ti fọ́ káàkiri. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí.

Egungun ìbàdí ló dá. Dókítà ní ọkàn wọn kò lágbára tó fún iṣẹ́ abẹ, kí n máa gbé wọn lọ sílé. Irin ilé ìwẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Láti ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi kò ti wọlé mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá fojú kàn án, wọ́n á fẹ́ dìde. Á dúró síta nínú oòrùn, á kí wọn lójú fèrèsé, á na kankana sí mi, á máa lọ. Ìbínú mi ti rọ̀ nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mò ń nu ara fún wọn, ni ohùn rẹ̀ bá dún níta. Mo rí i tí aṣọ ìbora ń mì. Orúnkún wọn ni. Wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀ lórí ibùsùn, ìrora ń mú omi bọ́ lójú wọn.

"Bá mi wò ó," wọ́n ní, "ṣé ó ti kanlẹ̀?"

"Ó ti kanlẹ̀, Màámi."

Mo yọrí lójú fèrèsé, mo sọ fún un pé wọ́n ti kúnlẹ̀ kí i. Ó ṣí fìlà, ó fi bojú.

Màámi ò rí Jímọ̀ mìíràn. Sokoto níbí la sin wọ́n sí.

Nígbà tí Jímọ̀ yípo, àwọn tó wá kí wa ti tú ká, mo gbọ́ sàlámù. Àbúrò bàbá mi ni, ó dúró sídìí fèrèsé níbi tó máa ń dúró sí, oòrùn ń pa á.

"Ẹ wọlé, Bàbá," mo ní. "Kò sẹ́ni tó máa kúnlẹ̀ mọ́."