Igbó Tí Bàbá Mi Ń Tọ́jú Láti Mushin

Èkó kò wọ bàbá mi lára rí. Káfíńtà ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Mushin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́jú igbó tíìkì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n á to àjẹkù pákó sórí tábìlì iṣẹ́, wọ́n á pè mí.

"Ìyá mi, wá wo igbó wa."

Pákó yìí ni etí odò, a ò ní fọwọ́ kàn án láéláé. Tọ̀hún, ó di ìgbà tí mo bá ń lọ sílé ọkọ ká tó gé e, a ó sì ti gbin òmíràn sílẹ̀ ṣáájú. Èyí tó kéré jù, tàwọn ọmọ mi ni. Mi ò tíì bímọ, mo ti nígi fún wọn.

Ọkùnrin àlejò kan ni bàbá mi fún nílẹ̀ iṣu nítòsí igbó náà, òun ló ń bá wa ro ìdí igi. Lọ́dún kan tí ìjì jà, ó wá bá wa ní Mushin.

"Bàbá, ìjì ti wó igi púpọ̀, àlàfo ti wà láàárín igbó. Mo ti tọ́ ọmọ tíìkì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n gbìn wọ́n síbẹ̀ kí koríko tó gbà á."

Ojú bàbá mi yí padà. Lọ́dọ̀ wa, àlejò lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbin igi. Bó bá gbìn ín, lọ́jọ́ iwájú, ọmọ rẹ̀ lè dìde kó ní bàbá òun ló nilẹ̀.

"Má ṣèyọnu," ni bàbá mi wí. "Èmi fúnra mi ń bọ̀ wá gbìn ín, kí òjò yìí tó tán."

Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà gbìn ín. Wọ́n ní obìnrin ò mọ ọ̀ràn ilẹ̀.

Òjò yẹn tán. Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo Surulere ló ń fẹ́ àga onífóòmù, iṣẹ́ kan ò tíì parí tí òmíràn fi ń wọlé. Bàbá á ní ó di ẹ̀yìn Àjíǹde. Bí Àjíǹde bá kọjá, wọ́n á ní ó di ẹ̀yìn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Nígbà míì mo máa ń bá wọn tí wọ́n di ègé tíìkì kan mú, tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Àárò ilé ń pa wọ́n, wọn ò sì lọ. Inú ègé igi yẹn máa ń bí mi.

Ọdún tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó ni èmi pẹ̀lú wọn tó lọ sí igbó náà. Koríko ti gba àlàfo, iná ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bá inú koríko wọlé lọ́dọọdún. Àfi ìwọ̀nba igi etí odò ló kù. Bàbá mi dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀ tó ti dúdú. Ẹkún gbọ̀n mí.

Ọkùnrin náà ti kó lọ sórí ilẹ̀ ìdílé ìyá rẹ̀ ní abúlé kejì, níbi tí kì í ti í ṣe àlejò. A lọ kí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún bàbá mi sábẹ́ òjìji igi. Tíìkì ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ti ga ju òrùlé lọ.

Bàbá gbójú sókè. "Ìgbà wo lo gbin ìwọ̀nyí?"

"Àwọn tí mo tọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn ni, Bàbá. Ẹ ní kí n má gbìn wọ́n síbẹ̀, mi ò sì lè máa wò wọ́n kí wọ́n kú."

Bàbá mi gbọ́wọ́ lé igi tó sún mọ́ wọn jù. Nígbà tí mo sọ pé ọkọ̀ ń lọ, wọn ò dìde. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àwọn jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i.