Ṣíbí Ayò fún Ọwọ́ Ọ̀tún Baálé Mi

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Iléṣà. Eruku bo òrùlé, a ò rí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa rárá, ètè gbogbo èèyàn ló ń bẹ́. Mo fi òrí pa ọwọ́ ọ̀tún baálé mi, mo sì dì í mú títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ yẹn kì í mọ òtútù mọ́, èmi ni mò ń bá a mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ náà ni yóò padà síbi ayò.

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ó ti lé lọ́dún kan, kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló dá a dúró. Ó lè fi ọ̀pá rìn dé abẹ́ igi máńgòrò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta ayò lọ́sọ̀ọ̀sán. Ọwọ́ ni. Ìka ọ̀tún rẹ̀ kákò, wọn ò ṣí. Mo ní kó máa fi òsì ta á.

"Ọwọ́ òsì ni kí n nà sí àwọn àgbà? Ṣé mo fẹ́ bú wọn ni?"

Mo wò ó dáadáa. Èjìká ṣì ń gbéra, ìgbọ̀nwọ́ ṣì ń tẹ̀ díẹ̀. Ohun tó kù ni kí nǹkan bá ìka bu ọmọ ayò, kó sì máa jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi páànù ṣe fìtílà àti garawa, mo kó ọmọ ayò mẹ́wàá dání. Ṣíbí tó kọ́kọ́ ṣe, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù, gbogbo ọmọ ayò dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkejì há jù, wọn ò jáde rárá. Nígbà tí mo dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ tún dé! Ṣé ẹ ò kúkú ní fẹ́ mi, kí n máa bá yín gbé Iléṣà?"

"Ta ni yóò fẹ́ ẹ pẹ̀lú èéfín lára báyìí? Fẹ ẹnu ṣíbí díẹ̀ sí i, kí o sì pa tìrẹ dé."

Ìkẹta yẹn ló ṣe é. Mo gé rọ́bà túúbù ọ̀kadà, mo fi àkísà tẹ́ ẹ nínú kó má baà bó o lára, mo fi de ṣíbí mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ la fi ta á nínú yàrá. Ó ní ewúrẹ́ mọ ayò jù mí lọ. Inú mi dùn.

Àṣìṣe tí mo ṣe láàárọ̀ ọyẹ́ yẹn nìyí. Bí mo ṣe pa ọwọ́ rẹ̀ tán, mo yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Wọ́n ti jọ ń ta ayò láti kékeré, ẹnu télọ̀ yẹn sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ rọra fún un lónìí. Ẹ má bú u."

"Dìde, ìyàwó wa. Mo gbọ́."

Lọ́sàn-án, a dé abẹ́ igi. Ṣíbí ṣiṣẹ́. Ọmọ ayò ń bọ́ sílé, ọ̀kan, ọ̀kan, kò sí èyí tó ṣìnà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ yẹn kọ mí lóminú, torí ta ní í pàtẹ́wọ́ fún ayò? Èébú ni wọ́n fi ń ta á. Ẹni tó bá jẹ á bi ẹnìkejì bóyá ìyá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ láyò, onítọ̀hún náà á dá tirẹ̀ padà. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹnu dákẹ́. Baálé mi pa télọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni télọ̀ wí. Kò pè é ní bàbá rí. "Ọ̀pẹ aláìnítìjú" ló máa ń pè é, bí ẹni tí kò mọ ayò ta rárá.

Baálé mi tẹjú mọ́ ọpọ́n. "Ilé mi méjì ṣí sílẹ̀. Kí ló dé tí o ò jẹ wọ́n?"

"Mi ò rí wọn ni."

"Ìwọ?"

Baálé mi fi eyín tú rọ́bà náà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tá a délé, ó bi mí pé ta ló ní kí wọ́n ṣàánú òun. Ǹ bá purọ́, mi ò purọ́. Mo ní èmi ni. Ìbá sàn kó bínú. Ó ní, "O ṣeun," ó sì yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ bá télọ̀, mo ní kó wá bú u. Ó tẹ̀ lé mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Jáde síta, ọ̀pẹ aláìnítìjú!"

Baálé mi dáhùn láti inú yàrá. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Mo sin télọ̀ dé títì, mo sì sọ fún un pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè baálé mi lábẹ́ igi.