Ọ̀rọ̀ Kékeré Láti Ṣọ́ọ̀bù Mummy Mi

Láàárọ̀ Sátidé, òórùn irun tí wọ́n ń fi iná jó lẹ́nu ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi ní ṣọ́ọ̀bù Mummy ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya atáṣímẹ́ǹtì fún wọn, àmọ́ etí mi ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa opó kan tó lọ sí Kennington, tó bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú nídìí búrẹ́dì títà. Àkúdàáyà! Mummy kì í ṣàì dárúkọ ẹni tó sọ fún wọn: "Ìyá Ṣẹ́gun ló sọ ọ́, ó ṣojú ẹ̀ kòrókòró."

Inú Daddy kì í dùn sí i. "Òfófó lásán! Ẹ fẹ́ ba ọmọ yìí jẹ́ fún mi." Wọ́n ní tí táàmù yẹn bá ti parí, lẹ́sìnnì ni màá máa lọ ní Sátidé, n ò gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Àfi bí Miss Lin, tíṣà wa tí àwọn òbí ẹ̀ wá láti Ṣáínà, ṣe sọ̀rọ̀ ìtàn kéékèèké ayé àtijọ́ ilẹ̀ wọn ní kíláàsì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ojú pópó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pé àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ló ń kó o jọ kí ọba lè mọ ohun tí ará ìlú ń sọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé fojú tín-ín-rín rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tó yá, àwọn òǹkọ̀wé ń kọ ti òkú tó padà wá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó di obìnrin, bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á sì máa dárúkọ ẹni tó ròyìn rẹ̀. Háà! Ṣọ́ọ̀bù Mummy gan-an nìyẹn! Orí mi wú.

Miss Lin ní ta ló ní ìtàn láti ilé. Mo dìde, mo sọ ti àkúdàáyà Kennington. Miss Lin bi mí pé, "Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?" Ó ti dé ètè mi kí n ní inú ìwé ni. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Mummy mi ni, ní ṣọ́ọ̀bù irun. Ìyá Ṣẹ́gun ló sọ fún wọn."

Nígbà tí Daddy wá sí ìpàdé òbí, Miss Lin yìn mí, wọ́n sì sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. A délé, Daddy jókòó, wọ́n wúkọ́. "Mummy Bísí, ọkọ tó ń ta búrẹ́dì yẹn, nígbà tó rí ìyàwó ẹ̀, ṣé ó sá ni?" Bí ọ̀rọ̀ lẹ́sìnnì ṣe parí nìyẹn.

Ìtàn lèmi náà ń kọ báyìí. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde máa ń ní kí n yọ "Mummy mi ló sọ ọ́" kúrò níbẹ̀rẹ̀, n kì í gbà. Ó rọrùn fún mi láti ṣagídí, mo ti lórúkọ. Bísí kékeré ò ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà ju ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n lọ, ó sì dárúkọ ìyá ẹ̀. Ó láyà jù mí lọ.