Aṣọ Tí Àṣàbí Hun fún Ọkọ Rẹ̀

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìjokú, ní Ṣàgámù, wọ́n á júwe Ojúọlá fún yín: "Ojúọlá ilé aṣọ Fábíyìí." Fábíyìí, bàbá rẹ̀, ló dá ilé aṣọ náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìhunṣọ mẹ́fà ń pariwo lẹ́yìn ilé. Níwájú, ṣọ́ọ̀bù alájà méjì, aṣọ, bàtà, abọ́, kí lẹ fẹ́ tí kò sí ńbẹ̀? Ọmọ ogún ọdún ni Ojúọlá tí wọ́n fi í sídìí káńtà. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ayé rẹ̀.

Nígbà tó di 1984, òwú òkèèrè ò wọlé mọ́. Ẹ̀rọ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohunkóhun tí ọwọ́ Ojúọlá bá bà ló ń tà, kí ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ má baà tì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí aṣọ òfì kan nísàlẹ̀ àpótí àtijọ́ kan nínú ilé. Tíṣà kan láti Ìkẹ́nnẹ́, Adétóun, ní òun fẹ́ ẹ. Ojúọlá tà á, ó ń rẹ́rìn-ín délé.

Áà, àìmọ̀ burú o! Àṣàbí, ìyá rẹ̀ tó ti kú, ló hun aṣọ náà. Nínú ilé yẹn, ìyàwó ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ tí wọ́n máa fi sin ọkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ aṣọ náà nígbà tí ọkọ ṣì wà láàyè. Ta ni ìbá sọ fún Ojúọlá?

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Fábíyìí dùbúlẹ̀ àìsàn, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́.

"Ojúọlá, aṣọ ìyá rẹ wà nísàlẹ̀ àpótí. Òun ni kí ẹ fi dì mí. Gbé e wá, kí n fọwọ́ kàn án."

Ojúọlá ní, "Ẹ jẹ́ kí n sá a sóòrùn ná, Bàbá." Ó sáré wọ mọ́tò Ìkẹ́nnẹ́.

Adétóun ti gé aṣọ náà, ó ti fi rán ìbòrí tìmùtìmù. Ojúọlá fẹkún ṣàlàyé fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, mi ò mọ̀ o!" Adétóun náà bú sẹ́kún. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó dì í fún un: àjákù mẹ́jọ.

Ojúọlá fi ẹyọ kan sábẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá ń fọwọ́ pa á, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó pé?"

"Ó pé, Bàbá."

Ọjọ́ kejì ni Bàbá kú. Ojúọlá jókòó, ó ń rán àjákù mọ́ àjákù, abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dì í, aṣọ náà ò dé ẹsẹ̀ Bàbá. Ojúọlá gbá ẹsẹ̀ náà mọ́ra, ó figbe ta:

"Bàbá, èmi ni mo tà á! Èmi ni mo tà á!"