Tíì Lọ́wọ́ Òsì

Lẹ́tà tó dé láti sẹ́ńtà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn jẹ́ ojú ìwé méjì àtààbọ̀, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bọ́ bàtà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àtúntò sí gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ń kọ́ni. Kíláàsì ìránṣọ máa kásẹ̀ nílẹ̀. Kíkó lẹ́tà sínú àpòòwé máa kásẹ̀ nílẹ̀. Dípò wọn, wọ́n máa kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ilé tíì àti kọfí, iṣẹ́ stọ́ọ̀, àti iṣẹ́ dídáhùn tẹlifóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yege ìdánwò níparí rẹ̀, wọ́n máa fi í síṣẹ́ níta, iṣẹ́ tòótọ́, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ibi tí mo kà á dé tí mo fi tún un kà nìyẹn.

Ẹ̀yìn Rye Lane, ní Peckham, ni sẹ́ńtà náà wà. Àwọn tí àìsàn tàbí jàǹbá ti fà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe máa padà. Ọmọbìnrin mi ti wà níbẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù méjì. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ rẹ̀ kò padà tán. Ó lè fi di nǹkan mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà máa ń gbọ̀n, àwọn ìka rẹ̀ a sì là nígbà tó bá wù wọ́n.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn kíláàsì ìránṣọ kò ju pé abẹ́rẹ́ kì í jó ènìyàn. Ó ń jókòó sójú kan. Láti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aṣọ ṣe, ìrìn ìṣẹ́jú méje ni sí sẹ́ńtà, mẹ́sàn-án tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni. Tí ọ̀sán bá tó, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wíńdò wọn kọjá. Mi ò dúró o. Mo kàn ń kọjá ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń jókòó nítòsí wíńdò ti máa ń juwọ́ sí mi.

Wọ́n pe àwa òbí sí ìpàdé. Mo kọ ìbéèrè mọ́kànlá sínú ìwé, mo sì fún wọn ní nọ́ńbà. Olùkọ́ tuntun tó máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ tíì ga tó ilẹ̀kùn. Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ó sì ti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ pé kí òun máa pe irú wa ní Mọ́mì. Ìbéèrè kìíní: báwo ni omi náà ṣe máa ń gbóná tó? Ìkejì: ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín ẹ̀rọ tó ń hó omi àti tábìlì? Nígbà tí a dé ìkẹfà, ó na ọwọ́.

“Mọ́mì, ẹ fún mi ní ìwé yẹn. Màá kọ èsì rẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn tó kù lè lọ sílé.”

Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́. Ìkọkànlá ni mo fi ṣe pàtàkì jù: tí kò bá lè ṣe é ńkọ́? Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe é.

Nígbà tí a délé, mo rọra bi ọmọ mi pé èwo ló wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Tíì.”

“Kí ló ṣe tẹlifóònù? Orí àga ni wọ́n ti ń dáhùn tẹlifóònù.”

“Mọ́mì, mo fẹ́ máa rí ojú ènìyàn.”

“Ṣé o mọ̀ pé omi tó ń hó...”

“Ẹ fara balẹ̀ jàre. Mo fẹ́ po tíì ni, mi ò lọ sógun.”

Nítorí náà mo múra ogun fún un. Mo rán ápúrọ́ọ̀nù fún un láti ara aṣọ jíǹsì tó nípọn, mo ṣe é ní ìlọ́po méjì níwájú ikùn. Apá òsì ni mo rán àpò rẹ̀ sí, íńṣì márùn-ún àtààbọ̀ ní jíjìn, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni yóò máa kì bọ̀ ọ́. Mo lọ ra bàtà tí kì í yọ̀ fún un ní ọjà East Street ní Walworth. Mo da omi sílẹ̀ nínú kíṣìnì wa, mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀ ọ́, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, kí n tó gbà pé òótọ́ ni onítọ̀hún sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Ọmọ náà ń délé pẹ̀lú òórùn kọfí lára, ó ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń mú kí mílíìkì hó rúmúrúmú láìjẹ́ kó jóná. Wọ́n ti rí ilé tíì kan ní Forest Hill tó fẹ́ gba ẹnì kan nínú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láti ilé wa, ọmọ mi sì ni olùkọ́ ní lọ́kàn fún iṣẹ́ náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun mi ní àsùnwọra.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, olùkọ́ pè mí lórí fóònù pé kí n yà sọ́dọ̀ òun ní sẹ́ńtà, mo sì lọ.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti da tíì sí ènìyàn lára,” ni ó wí. “Ẹ dákun, ẹ jókòó. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ohun tí kò yé mi nìyí. Tó bá ń gbé ife fún àwọn ọ̀dọ́, ọwọ́ òsì ló ń lò, kò sì sẹ́ni tó yá jù ú lọ ní kíláàsì. Tó bá ti kan ẹni tó ní ewú lórí, á pààrọ̀ ọwọ́. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní òun gbọ́. Ọjọ́ kejì, ó tún ṣe é.”

Ó tọ́ka sí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. “Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́wàá. Tí tíì bá dà lọ́jọ́ náà, mi ò lè fi í sí Forest Hill. Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná ni. Ẹlòmíràn ni màá fún.”

Kó tó dé ibi ewú ni mo ti mọ̀.

Nígbà tí ọmọ yẹn wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, àlejò kan wá kí wa, ọmọ náà sì fi ọwọ́ òsì na bisikíìtì sí wọn. Mo gbá ẹ̀yìn ọwọ́ náà pẹ́ẹ́. Mo ní, “A kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan.” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbá a, kò ṣe é mọ́ láé. Lẹ́yìn tó ti ilé ìwòsàn dé, ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àgbà ìyá kan ní kó gbé omi fún òun. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n yẹn ló fi gbé e, ó fi òsì di ọrùn ọwọ́ náà mú. Ìdajì omi ló kù nínú ife nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ní, “Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!” Inú mi dùn débi pé mi ò rí ilẹ̀ tó tutù. Ó yẹ kí n ti sọ fún un lọ́jọ́ náà pé òfin yẹn ti tán lórí rẹ̀. Ìyìn ni mo gbà, mo sì mú un relé.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ ní ọ̀wọ̀ ló ń da tíì sílẹ̀?”

“Ọ̀wọ̀ ni, sà.”

“Ta ló máa bá wa dá a dúró?”

“Ẹni tó kọ́ ọ,” mo ní.

Bí mo ṣe ń jáde, mo pàdé bàbá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, Ọ̀ńkù ni gbogbo sẹ́ńtà ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó já bọ́ láti orí àkàbà tí ìbàdí wọn fi yẹ̀. Iṣẹ́ stọ́ọ̀ ni wọ́n ń kọ́ báyìí. Ara wọn ni ọmọ mi da méjì nínú tíì mẹ́ta yẹn sí.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yín.”

“Ẹ dìde, ẹ dìde. Ṣòkòtò méjì péré ni. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ máa fi òmíràn san án.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Mo ti sọ fún un o. Mo ní, ọmọ mi, fi òsì gbé e wá, mo ti yọ̀ǹda. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà, Mọ́mì mi máa pa mí.’”

“Ó ní mo máa pa òun?”

“Bó ṣe wí nìyẹn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo ti yẹ òwe yẹn wò síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ tíì.”

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo ń ṣa ẹ̀wà, mo pe ọmọ mi. Mo ti ronú ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo sì sọ ọ́ kúkúrú: láti òní lọ, òsì ni kó máa fi fún gbogbo ènìyàn ní nǹkan, ìbáà jẹ́ ọba.

Kò dúpẹ́. Ó fi ìka tẹ tábìlì tó wà níwájú mi.

“Ọdún mẹ́rin, Mọ́mì. Mo ń da ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì yìí fún ọdún mẹ́rin, ẹ ń nù ún, ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Mi ò rò ó débẹ̀.”

“Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ wọn ilẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì mi dé ilé ìwẹ̀?”

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlá ni, lóòótọ́.

Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kì í bi òun léèrè. Tí òun bá ti rí àgbà, ọ̀tún ti ń dìde kí òun tó mọ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹnu ni mo fi lè mú òfin náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan kọ́ ni mo fi gbé e síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ará ilé akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn ní sẹ́ńtà ni wọ́n fi ṣe oníbàárà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní agogo mọ́kànlá, mo sì ṣí ìborí mi sílẹ̀ kí ewú mi lè hàn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe màgòmágó. Ọ̀ńkù jókòó sí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sórí itan.

“Ṣé ìgbọ́kànlé nìyí, sà?” mo bi wọ́n.

“Ìgbọ́kànlé wà. Ìwé ìròyìn náà wà.”

Ọmọ mi po tíì náà. Ó fi òsì gbé e, ó ń bọ̀. Mo ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ méjì kó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin, ó sì dúró. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti wá gba ife náà. Olùkọ́ gbé bírò rẹ̀ sókè.

Mo na ọwọ́ òsì mi sí i.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì na òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ara mi kọ̀ ọ́ bí ẹni wọ bàtà sódì. Ọmọ mi wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi, ó tún wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ padà sílẹ̀. Ó rin ẹsẹ̀ méjì tó kù, ó sì gbé ife àti àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo wo inú àwo náà fínnífínní. Ó gbẹ.

“Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà,” ló wí, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

“Ẹ gbà mí o,” ni Ọ̀ńkù wí. “Ìyá kò lẹ́kọ̀ọ́, ọmọ kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ku tèmi. Òsì ni o, mi ò mú ṣòkòtò míì wá.”

Ó fi òsì gbé tiwọn. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, wọ́n ká ìwé ìròyìn wọn, ó gbẹ bí ìgbà tí wọ́n rà á.

Ọmọ mi ti ń lọ sí Forest Hill báyìí, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Òun nìkan ló ń wọ bọ́ọ̀sì. Mo mọ wákàtí tó yẹ kó dé, mi kì í sì í pè é kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọjá lórí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì pè mí. Ohùn wọn le.

“Mo yà sí ibi tí ọmọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fi gbé tíì fún mi? Èmi?”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé ó dà sílẹ̀?”

“Rárá. Kò dà sílẹ̀.”

“Ṣé ó gbóná?”

“Ó gbóná dáadáa.”

“Ẹ ṣeun, mà,” mo ní. “Tí ẹ bá tún lọ, ẹ fi òsì gbà á. Ó máa ń rọrùn fún un bẹ́ẹ̀.”