Iná Tí A Dá Sẹ́nu Ọ̀nà Káńsù

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lónìí, tí ẹ ń fi fóònù pe ìpàdé, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọyẹ́ ọdún kan ní Ìkẹ́rẹ́. Kò tíì pẹ́ jù. Àwọn ọmọ tí a bí lọ́dún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. Ọyẹ́ náà mú débi pé Òkè Olósùnta, tí a kì í wá kí a tó rí, pòórá sínú kùrukùru. Bí òkè tó tó yẹn bá lè sọnù, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀, tó ń gbálẹ̀ létí títì?

Àwa tí à ń gbá títì fún káńsù ni mò ń wí. Èmi ni agbẹnusọ wa nínú ẹgbẹ́, nítorí ẹnu mi, kì í ṣe nítorí ìwé mi. Òfin iṣẹ́ ni pé kí a ti gbálẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọ̀gá má baà fojú kan ìdọ̀tí. Kí àwa náà má baà di ìdọ̀tí lábẹ́ mọ́tò, ìyẹn kò sí nínú òfin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́kadà tí kò ríran nínú kùrukùru gbá Màmá Títí, ọ̀rẹ́ mi, sínú gọ́tà. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ó ní òun kò ní jáde mọ́ àfi bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìmọ́tótó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó kúkú jókòó sílé títí láé. Opó ni Màmá Títí, iṣẹ́ náà ló sì fi ń jẹun.

Mo lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Mo ní kí wọ́n fún wa ní súẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì tó máa ń dán bí iná mọ́tò bá kàn án, kí a sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, títí ọyẹ́ yóò fi lọ.

Ó ní, "Ìyá Yọ̀mí, ṣé Lọ́ńdọ̀nù la wà ni? Òtútù wo ló wà ní Èkìtì?"

Súẹ́tà méjì ló wọ̀ léra wọn, ó de fìlà bo etí, ó sì ti gbogbo fèrèsé pa.

Mo ní, "A jẹ́ pé ibà ló ń ṣe yín, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a kò gbálẹ̀. A kó ewé gbígbẹ etí títì sínú bárò irin tí a fi ń kó ìdọ̀tí, a gbé e sẹ́nu ọ̀nà káńsù, a dáná sí i, a sì jókòó yí i ká.

Olùṣọ́ géètì ló kọ́kọ́ wá. Ó ní òun wá lé wa ni, ó na ọwọ́ méjèèjì síná, kò sì lọ mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde. Màmá Títí, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ló bá fi èdè Èkìtì ṣòfin.

"Ẹni bá fẹ́ yá uná, kó mú ugi rẹ̀ dání. Uṣẹ́ là ń jà fún, a ò pín uná ọ̀fẹ́."

Wọ́n rán ọlọ́pàá kan sí wa. Ó dúró lókèèrè, ó ní, "Wọ́n ní ẹ ń da ìlú rú."

Mo ní, "Ẹ súnmọ́ ibí, a ò gbọ́ yín."

Ó súnmọ́. Màmá Títí bi í pé ugi rẹ̀ dà. Ọkùnrin náà wò yíká, ó wọ inú ọgbà lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ àga káńsù tó ti kán. A sún fún un.

Nígbà tí ọ̀gá pe akọ̀wé títí tí kò sẹ́ni tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ jáde. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Màmá Títí ní, "Ugi yín dà, ọmọ mi?"

Ọ̀gá padà wọlé. Nígbà tó jáde, pátákó àtijọ́ kan ló gbé lọ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé KÍ ÌLÚ MỌ́ TÓNÍTÓNÍ. Ó jó dáadáa. Ibi tí pátákó náà ti ń jó la ti jọ sọ̀rọ̀, ó sì gbà: Màmá Títí kò ní kúrò níṣẹ́, a ó máa jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́, súẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì yóò sì dé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì ní èéfín ni.

Súẹ́tà dé nígbà tí ooru ti mú. A wọ̀ ọ́ gbálẹ̀ bẹ́ẹ̀, à ń làágùn, kí wọ́n má baà ní a kò nílò rẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá Títí kò padà sípò. Ó ń tiro títí dòní. Jákẹ́ẹ̀tì ni a kò tíì rí, gbèsè tí ẹ ó bá wa gbà sì nìyẹn, ẹ̀yin tó kù lẹ́nu iṣẹ́.

Kùrukùru ọyẹ́ kì í tètè lọ, bí ilẹ̀ tilẹ̀ mọ́. Nítorí náà, Màmá Títí mú aṣọ funfun ìjọ aládùúrà rẹ̀ tó ti gbó, òun ló ń wọ̀ gbálẹ̀. Ní ọyẹ́ tó kọjá, ọlọ́kadà kan rí i lókèèrè, ó dúró, ó ṣí fìlà, ó sì kúnlẹ̀ sórí títì.

"Màmá, ẹ gbàdúrà fún mi, Ògòtún ni mò ń lọ."

Màmá Títí fi ìgbálẹ̀ kàn án lórí.

"Dìde, ọmọ mi. O ti rí mi. Àdúrà ti gbà nìyẹn."