Àwa Tí A Sá: Ọjọ́ Àjíǹde ní Òkè-Ìlá

Ìdájí Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde ni mo jáde nílé n'Ìbàdàn, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Oorun kò tó mi, orúnkún mi ọ̀tún ń ro mí, ìrìn náà pàápàá kò sì wù mí í rìn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kì í yára gun mọ́tò mọ́. Àpò kékeré kan ni mo gbé dání: Bíbélì, agbádá funfun kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìwàásù tí mo ti kọ sílẹ̀ lójú ewé méje.

Ìyá Fúnmi, opó Jósẹ́fù ọ̀rẹ́ mi, ló pè mí. Èmi àti Jósẹ́fù jọ ṣe tísà n'Ìlá-Ọ̀ràngún fún ọdún mọ́kànlá, a jọ gbé ilé kan náà. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, òun dúró. Nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó lọ sí Òkè-Ìlá, ìlú bàbá rẹ̀, ó ń darí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan níbẹ̀, torí ìjọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn pásítọ̀ wọn, kì í sì í lè dé ọ̀dọ̀ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Oṣù méjì sẹ́yìn ni Jósẹ́fù kú. Ìyá Fúnmi sọ lórí fóònù pé kò sí ẹni tí yóò bá àwọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, pé kí n jọ̀ọ́ kí n wá.

N kò lè kọ̀, nítorí n kò lọ síbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Mo sọ fún wọn nígbà náà pé ẹ̀jẹ̀ mi ló ga. Irọ́ ni. Mo wọṣọ lọ́jọ́ náà, mo dé gáréèjì, mo tiẹ̀ ti jókòó sínú ọkọ̀. Ìgbà tó ku èrò kan kí ọkọ̀ kún ni mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo padà sílé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọdé nípa àjíǹde nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà n kò rí ẹyọ kan dì mú nínú gbogbo ohun tí mo fi kọ́ wọn.

Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa nígbà tí a dé Òṣogbo. Mo ra àkàrà àti búrẹ́dì ní gáréèjì, mo jẹ ẹ́ lóòró, mo sì wọ takisí tó ń lọ sí Ìlá. Àwa mẹ́rin la fún mọ́ra lẹ́yìn, méjì wà níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà. Títì dára dé Ìkìrun. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ni mọ́tò ń yẹ̀ fún káàkiri, gbogbo ìgbà tó bá sì bọ́ sí ọ̀kan ni orúnkún mi ń rántí mi. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lápá ọ̀tún. Ní Ọ̀tan Ayégbajú, àwọn èrò tó kù sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù tó ń bọ̀ wálé fún ọdún. Dírẹ́bà ní kí n bọ́ síwájú kí n na ẹsẹ̀.

Ràìmí lorúkọ dírẹ́bà náà, ọmọ Ìlá ni, mùsùlùmí ni. Ó bi mí ohun tí mo ń lọ ṣe, mo sọ fún un. Ó ní nínú ẹ̀sìn tiwọn, wọn kò pa Ànábì Ísá rárá, Ọlọ́run ló gbé e lọ sókè. Mo ní mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbà nìyẹn. Ó ní ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbà pé Àlùkìyámọ̀ ń bọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ọjọ́ tí òkú yóò dìde, nítorí náà kò sí ìjà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún béèrè.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ máa ń sọ pé wọ́n sá lọ lọ́jọ́ náà, nígbà tó wá jíǹde, báwo ló ṣe bá wọn wí?"

Mo ní kò bá wọn wí. Inú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí ló ti bá wọn, ó sì fi àlàáfíà kí wọn. Nígbà tó tún yá, ó yan ẹja fún wọn létí òkun, ó ní kí wọ́n wá jẹun.

Ràìmí ní, "Ó fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ wọn, Bàbá. Èèyàn bíi tiwa kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo yíjú síta, mo ń wo oko ẹ̀gẹ́ títí a fi dé Ìlá.

Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ Òkè-Ìlá lásìkò náà, ni mo bá gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà rọra rìn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Fúnmi, òun ló bá mi gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìjókòó. N'Ìbàdàn, a máa ń bi àlejò bóyá yóò jẹun. Ní Òkè-Ìlá, wọn kì í bi ọ́, ìró ọmọ odó ni wàá kàn gbọ́. Ìyá Fúnmi kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n jókòó, ó sì gún iyán fún mi fúnra rẹ̀. Kò mẹ́nu ba ìsìnkú. Mo jẹ iyán náà bí ẹni tó ń jẹ ohun tí kò tọ́ sí i.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo lọ bá a níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Fúnmi, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá mi dúró lọ́jọ́ ìsìnkú."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀, Tísà. Bàbá Fúnmi máa ń sọ pé ẹ kì í lè wo òkú." Ó ṣa ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí i. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ má fi ìwàásù dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ àjíǹde, ṣé màá dá a mọ̀?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn wà lójú ewé kẹta ìwé mi. Ó dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní n kò mọ̀. Mo ní ohun tí mo mọ̀ kò ju pé Màríà Magidalénì náà kò dá Jésù mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, ó rò pé ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ni, àfìgbà tí Jésù pe orúkọ rẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀ nìkan?"

"Orúkọ rẹ̀ nìkan."

Ó gbé ìsaasùn ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àjíǹde, orin ló jí mi. Àwọn obìnrin ìjọ ń lu agogo yí ìlú ká, wọ́n ń kígbe pé Jésù ti jí. Ara mi wúwo lórí ibùsùn, n kò lè bá wọn lọ. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pàdé wọn, ìrì ti rin ìdí aṣọ funfun wọn. N'Ìbàdàn, òdòdó àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni Àjíǹde wa. Ibí yìí, àga onípákó ni, àti ìkùukùu tó ń gba ojú fèrèsé wọlé láti orí òkè. Obìnrin bí ogójì ló jókòó. Ọkùnrin márùn-ún péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn lẹ́yìn pátápátá.

Mo ṣí ìwé mi. Mo ka bí àwọn obìnrin ṣe gbé òórùn dídùn lọ sí ibojì, bí wọ́n ṣe ń bi ara wọn pé ta ni yóò bá àwọn yí òkúta. Mo ka bí àwọn àpọ́sítélì ṣe pe ìròyìn wọn ní ọ̀rọ̀ asán. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo pa ìwé dé. Mo sọ fún wọn pé èmi náà wà lára àwọn tó sá, pé kò yẹ kí ẹni tó sá máa ròyìn ibojì fún àwọn tó lọ síbẹ̀. Mo ní kí Ìyá Fúnmi wá bá wa parí rẹ̀.

Bàbá Ìjọ, ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù, wúkọ́ lẹ́yìn. Obìnrin kò tíì dúró wàásù níwájú ìjọ náà rí. Ìyá Fúnmi wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró kó gbọ́ bóyá yóò sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Obìnrin náà bá bọ́ síwájú.

Èdè Ìgbómìnà ló fi sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kì í ṣe Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ nípa obìnrin tó ń sunkún nínú ọgbà, tó sì ń bẹ àjèjì pé bó bá jẹ́ pé ó ti gbé òkú náà, kó fi ibẹ̀ han òun. Ó ní àjèjì náà kò ṣàlàyé kankan fún un, orúkọ rẹ̀ ló pè.

Ó wá ní, "Ẹni kan ṣoṣo ló kù tó ń pè mí ní Àbẹ̀ní, ẹ sì bá mi sin ín. Mo ti ń ro bí màá ṣe dá a mọ̀. N kò rò ó mọ́. Tó bá pè mí, màá dáhùn."

Ó lọ jókòó. Bàbá Ìjọ dìde láti ṣe ìfilọ̀. Ó ní ìpàdé àwọn ọkùnrin yóò wáyé ní Ọjọ́rú. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí pásítọ̀ kò bá dé, Ìyá Fúnmi ni yóò darí ìsìn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìfilọ̀ lásán, ó sì jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin náà mú mi lọ síbi ibojì Jósẹ́fù lẹ́yìn ilé. Mo dúró níbẹ̀. Mo sun ẹkún tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ọjọ́ Ajé ni mo padà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń kó ìrẹsì àti ìkòkò sórí ọ̀kadà, wọ́n ń lọ sí Gálílì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìgbafẹ́ ọjọ́ kejì Àjíǹde, nítorí Gálílì ni Jésù ní òun yóò ti pàdé àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun. Gálílì tiwọn ni Àyìkúnnugbá, níbi tí omi ti ń dà láti orí àpáta. Ìyá Fúnmi ń bá wọn lọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti débẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ìrìn àbọ̀ gùn ju ti àlọ lọ. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ àdúgbò wa, gbogbo oríkèé ara ló ń dùn mí. Ọkùnrin kan wà ní ilé kejì sí wa, Bàbá Kọ́lá, tó sin ìyàwó rẹ̀ nínú oṣù yẹn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà kọjá láti ìgbà náà, torí n kò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo sọ àpò mi sílẹ̀ fún ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ní mò ń bọ̀.

Bàbá Kọ́lá fún mi ní àga àti omi tútù. N kò ka ẹsẹ Bíbélì kankan fún un. Mo kàn jókòó tì í.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Mo ní mo pẹ́ kí n tó wá.

Ó ní, "Ẹ ṣáà ti dé."